Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin ní Láfẹ́nwá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí wọ́n tó fún ọ ní ṣọ́bìrì, kọ́kọ́ mọ odò Ògùn dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó epo pupa, ekuro àti òwú àwọn Ẹ̀gbá lọ sí Èkó nígbà kan, Àró sì ni èbúté wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà, yanrìn á yọ, ẹrù á sì dúró de òjò. Ojú irin tí wọ́n tẹ́ láti Ìdó fi odò sí apá ọ̀tún gòkè wá, ó gba Àró wọ ìlú Abẹ́òkúta, ó sì sọdá odò lọ sí Ìbàdàn. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1901.

Mílímítà 1067 ni àárín irin méjèèjì ojú irin àtijọ́ yìí. Ọ̀nà tóóró rọrùn láti yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè, owó rẹ̀ sì kéré. Ti ojú irin tuntun tó gba Ládérìn, tí wọ́n ṣí ní 2021, jẹ́ mílímítà 1435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè gun èkejì. Ó dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń pe ti àtijọ́ ní àlòkù.

Omi lọ̀tá rẹ. Bí ẹrẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ ojú irin, omi kò ní rí ọ̀nà lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹrẹ̀ á máa tú jáde lábẹ́ irin ìdábùú tó gbé irin méjèèjì, apá kan á sì rì ju èkejì lọ. Má da òkúta tuntun lé e lórí. Hú ti àtijọ́ jáde, gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ dànù, dá a padà, kí o sì gún un wọ abẹ́ ìdábùú títí yóò fi le. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjà Láfẹ́nwá náà máa ń dí gọ́tà. Bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àlàfo níbi tí irin méjì ti pàdé kì í ṣe àbùkù. Oòrùn máa ń mú irin gùn. Bí kò bá sí àyè, irin á wọ́.

Lẹ́yìn òjò alẹ́, ẹsẹ̀ afárá ni kí o kọ́kọ́ wò, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti jìn lẹ́yìn rẹ̀, na àsíá pupa ná, kí o tó pe ọ̀gá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ