Ìyáàlù Ò Ṣeé Gbọ́ Lóde Fújì Ọ̀yọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹgbẹ́ onífújì tí a ti fẹ́ràn tipẹ́tipẹ́ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́ láìpẹ́ yìí, inú àwa olólùfẹ́ wọn ò sì dùn rárá. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohùn olórin dá ṣáká, àwọn elégbè náà gbè é dáadáa. Ìlù ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Ìyáàlù kan, gángan méjì àti gúdúgúdú ló wà lórí pèpéle, máìkì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú gbogbo wọn. Ohùn gúdúgúdú gbẹ, ó sì ń ta. Bí òun àti ìyáàlù bá jọ ń lo máìkì kan, òun la ó máa gbọ́. Ìyáàlù gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, kó kọjú sí ojú awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, kí àlàfo àárín wọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kí wọ́n má gbé e sí etí ìlù, torí ṣaworo ló máa kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Àyàn sì máa ń rìn lọ bá ẹni tó ń kì, máìkì orí irin ò lè bá a lọ. Èyí kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ara ìlù ló yẹ ẹ́.

Èyí tó dùn wá jù ni kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ká ìró kan sínú rẹ̀ láti ilé, òun ló ń lọ geere. Nínú fújì, ìyáàlù ló ń pe ìyípadà: á já ìlù sílẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á gbọ́, wọ́n á sì tẹ̀ lé e. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, onílù já a, ẹ̀rọ ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn onígángan dúró, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀kan ti fi kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ sí abíyá. Fújì tí Sikiru Ayinde Barrister fà yọ láti inú wéré, tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì, ohùn àti ìlù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù wá bá wọn nílé ni. A ò ní kí wọ́n gbé e sọnù; kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó máa tẹ̀ lé ìlù.

Gbọ̀ngàn náà tún dá kún un: ògiri síméńtì lásán, òrùlé páànù. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri ẹ̀yìn bá jìnnà sí sípíkà tó mítà 34, ohùn tó lọ gbá a á padà síwájú lẹ́yìn ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, á sì bọ́ lé èyí tí ìlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ lórí. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gun ara wọn, oríkì di ariwo. Kí wọ́n ta aṣọ tó nípọn sára ògiri náà, kí wọ́n rẹ béèsì sílẹ̀, kí wọ́n gbé sípíkà kéékèèké sáàárín gbọ̀ngàn. Kí ẹni tó wà nídìí míkísà dá ohùn àwọn sípíkà àárín yìí dúró díẹ̀, kí ohùn ti iwájú lè bá wọn.

Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn pèpéle gan-an, a ń gbọ́ ọ nínú máìkì.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí àwọn onílù tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì gorí pèpéle. Awọ tó bá ti gba ìrì máa ń rọ̀; Àyàn ní láti fa ọ̀sán rẹ̀ le, kó lù ú wò, kó tún un fà.

Ọ̀yọ́ sì ni wọ́n wá o, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí. Bí wọ́n bá fẹ́ padà wá, kí wọ́n rán ẹni tó ń darí ohùn ṣíwájú ní ọ̀sán. Kí Àyàn kan lu ìyáàlù, kí ẹlòmíràn dúró ní ìlà àga tó kẹ́yìn pátápátá, kó sọ ohun tí ìlù wí. Bí kò bá gbọ́ ọ, kí wọ́n má tíì ṣílẹ̀kùn fún èrò.

Olólùfẹ́ fújì kan,
Ọ̀yọ́.