Hágárì, Níbo Ni Ìwọ Ti Ń Bọ̀?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kí ó máa bá yín gbé. Ẹ ṣé gan-an fún àdúrà tí ẹ fi tì mí lẹ́yìn nígbà tí mo lọ sí Freetown, ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ìròyìn ìpàdé tí mo bá lọ ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọ. Ohun tí mo fẹ́ bá gbogbo yín sọ ni ti ilé kan tí wọ́n mú wa lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilé ààbò tí àwọn ọmọdébìnrin tó ti di ìyá ọmọ ń gbé.

Ní Freetown, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń pín àwọn ọmọ sí ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Àwọn ọmọ ilé yìí sì ti fi ìyẹn ṣètò ara wọn: bí àwọn kan bá lọ sílé ìwé láàárọ̀, àwọn yòókù á máa tọ́jú gbogbo ọmọ ọwọ́. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á gba ipò ara wọn. Ìgbà tí àwọn ti àárọ̀ ń dé la bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 16, wọlé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù funfun lọ́rùn. Ọmú ti tutù mọ́ ọn láyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ká aṣọ sínú ẹ̀wù kí wàrà má baà hàn. Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó jókòó, ọmọ ń mu, ó sì fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ láti fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà hàn mí. Gbogbo rẹ̀ ló gbà. Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó!

Màmá tó ń bójú tó wọn sọ fún wa pé nígbà kan, wọn kì bá tí jẹ́ kí irú ọmọ yẹn gbé oyún rẹ̀ wọ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nígbà tí àrùn Ebola jà, tí ilé ìwé wà ní títì, tí òkú sùn nínú ọ̀pọ̀ ilé tí kò sì sí olùtọ́jú mọ́, àwọn ọmọbìnrin lóyún lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí ilé ìwé máa ṣí padà lọ́dún 2015, ìjọba ní aboyún kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní kíláàsì, kò sì gbọdọ̀ bá wọn ṣe ìdánwò, kí ó má baà ba àwọn yòókù jẹ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a pé wọ́n rẹ́ àwọn ọmọ náà jẹ. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba tó fagi lé e. Lọ́dún 2024, wọ́n tún ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe aya.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ láti ọdún 2015 yẹn títí di ọdún 2020. Ta ló béèrè ọkùnrin? Kí a tó dá ìjọba kankan lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo inú ilé Ọlọ́run. Ọmọ akọrin lóyún, wọ́n gba aṣọ akọrin lára rẹ̀, wọ́n mú un dúró níwájú ìjọ. Ẹni tó fún un lóyún lè wà níbẹ̀ tó ń gba ọrẹ. Inú mi kì í dùn sí èyí rárá, mi ò sì gbà pé inú Olúwa dùn sí i.

Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 16. Sáráì ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ábúrámù náà dá a lóhùn nípa ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí èyí tó dárúkọ ọmọ náà nínú àwọn méjèèjì. Ìgbà tó sá dé aginjù pẹ̀lú oyún nínú ni ẹnì kan tó pè é lórúkọ. Áńgẹ́lì Olúwa ní, “Hágárì, níbo ni ìwọ ti ń bọ̀? Níbo ni ìwọ sì ń rè?” Ó béèrè, ó sì dúró gbọ́ èsì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sáré lọ sí ẹsẹ 9, níbi tí áńgẹ́lì ti ní kó padà sílé, láti fi lé ọmọ padà sí ilé tó ti sá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Nínú ilé yẹn gan-an ni ibi ti bá àwọn ọmọ mìíràn, lọ́wọ́ ẹbí tàbí olùkọ́. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ibi tí ọmọ ti ń bọ̀, kí ó má tíì sọ ibi tó yẹ kó lọ.

Ara wọn pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà mọ̀ pé gìrì aboyún àti àìsàn lẹ́yìn ìbímọ máa ń bá àwọn ọmọdé wọ̀nyí jà ju àwọn àgbà lọ. Bí ìbàdí wọn kò bá tíì gbòòrò, ọmọ lè há, ojú ara lè ya, kí ìtọ̀ máa jò láìdúró. Ọmọ tó bá ń sá fún ìtìjú kì í tètè dé ọsibítù.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, a ó sì fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìwà mímọ́ ni a ó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, n kò ní yéé wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́? Ní Freetown yẹn náà ni ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọmọ kan kalẹ̀ sí lọ́dún 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 13 lọ, kò sí ìyá, kò sí bàbá nítòsí. Àwọn àjèjì gbà á, wọ́n fi í sílé ìwé. Ajayi Crowther ni ọmọ náà, òun ló sì ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó fi Bíbélì sí èdè tí a fi ń kà á.

Nítorí náà, èmi àti àwọn alàgbà ti fẹnu kò. A kò ní mú ọmọbìnrin kankan dúró níwájú ìjọ nítorí oyún mọ́. Àpò ìrànwọ́ yóò san owó ilé ìwé ọmọ tó bá bímọ tó fẹ́ padà síbi ẹ̀kọ́, àwọn ìyá ìjọ yóò sì máa gba ọmọ mú. Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló fi ọwọ́ kan ọmọdé, a ó fi tó agbófinró létí, ipò yòówù kí ó wà nínú ìjọ.

Ẹ̀yin òbí, bí irú èyí bá ti wà nílé yín, ẹ má ṣe lé ọmọ jáde. Ìwọ ọmọ mi tó ń ka èyí, tí o kò tíì rí ẹni sọ fún, Màmá Ìjọ wà ní ọ́fíìsì lẹ́yìn Ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ mú ọ̀rẹ́ rẹ kan dání, mú un wá.

Olùṣọ́-Àgùntàn yín