Kì í ṣe aṣọ òṣómàáló: lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Àlàáfíà la wà níbí. Bàbá rẹ ti ti oko dé, ó ti sùn lọ lórí àga bí ìṣe rẹ̀, rédíò ń pariwo létí rẹ̀. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ èéfín gàrí kúrò lára ni, mo wá jókòó ti iná sólà láti kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí fóònù wà. Fóònù náà ló fà á. Ìbínú ni mo fi pa á mọ́ ọ létí lọ́jọ́ Sátidé, mi ò sì fẹ́ kí ó jẹ́ òun náà ni màá tún fi bá ọ sọ èyí.

Mo ní kí o wá síbi ọjọ́ ẹ̀bùn ilé-ìwé girama tí o ti jáde, pé pirinsípà ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. O ní o ò wá. O ní bí o bá ti tẹsẹ̀ bọ ìlú báyìí, ńṣe ni gbogbo èèyàn ń wò ọ́ bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. O wá sọ èyí tó dùn mí wọ egungun: "Màámi, ṣebí èmi ni mo kàwé. Ṣé àwọn ló bá mi wọ họ́ọ̀lù ìdánwò ni?"

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó. Mo rò ó nídìí agbada, mo rò ó lórí ẹní. Mo rí i pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo bí ọ ni mo mọ iye òru tí o fi jókòó. Èmi ni mo máa ń jí lóru tí màá bá ẹsẹ̀ rẹ nínú báàfù omi tútù kí oorun má baà gbé ọ lọ. Kò sí ará ìlú kankan tó bá ọ ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn. A mẹ́ta, B mẹ́rin, C méjì nínú WAEC, irú èyí tí pirinsípà ní kò tíì sí látìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé-ìwé náà: ìwọ lo jókòó kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìlú ló kà á, kódà bó jẹ́ èmi, má gbà.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ wà nínú ìwé nígbà yẹn. Àwọn nǹkan kan wà tí o ò rí.

Nígbà tí ẹ wọ SS2, kò sí nǹkan kan nínú yàrá sáyẹ́ǹsì yín ju aláǹgbá inú ìgò kan lọ, àti tábìlì mẹ́ta tí ikán ti jẹ lẹ́sẹ̀. Tíṣà yín á ya búréètì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, sójú pátákó, á ní kí ẹ kà á sí pé ásíìdì ń kán níbẹ̀. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá lọ́dún náà, ọmọ Benue tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ bá mi dín in kù", ló dìde nípàdé PTA. Ó ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pirinsípà ń túmọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ báyìí la ṣe máa wà, ọjọ́ ìdánwò gan-an lẹ máa kọ́kọ́ fojú kan pípẹ́ẹ̀tì, gíláàsì tí wọ́n fi ń fa omi.

O mọ ìpàdé àwa àgbà. Ẹnì kan ní ká kọ̀wé sí ìjọba. Ẹnì kejì ní ká dúró de àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun, pé wọ́n ń bọ̀ wálé nígbà Kérésì. Wọ́n sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyá tó jẹ́ olórí àwa onígàrí ló wá ní òun ní ìbéèrè kan: kí ni wọ́n ń pe nǹkan tí ọmọ yìí ń wí, èló sì ni wọ́n ń tà á? Kọ́pà dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ owó. Ìyá ní, "Kóńgò gàrí mélòó nìyẹn?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó bá ti din gàrí á wọn kóńgò kan sínú àpò tó wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá. Àwa mẹ́tàlélógún. Má rò pé ó lọ ní ìrọ̀rùn o. Ìyá kan wà tí mi ò ní dárúkọ, tó jẹ́ pé bó bá ń wọn tirẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ á wà nínú kóńgò pẹ̀lú gàrí. Òmíràn wà tó jẹ́ èyí tó jóná ló ń mú wá. Akápò wa á dà á padà fún un, á ní, "Ṣé ọmọ tìẹ náà máa fi èyí ṣe ìdánwò?" Oṣù méje gbáko la fi ń fa á báyìí kí owó tó pé. Ọlọ́kadà tó lọ kó ẹrù náà ní Iléṣà fi fóòmù wé e, ó gbé e sí àyà bí ọmọ ìkókó, ó ń gun máṣíìnì jẹ́jẹ́ nínú gbogbo kòtò ọ̀nà wa. Síbẹ̀ búréètì kan là lẹ́nu. Kò gbowó lọ́wọ́ wa, òun ló tún ń tọrọ àforíjì. Àwọn bíríkìlà ṣe ọ̀wẹ̀ Sátidé méjì, wọ́n rẹ́ ilẹ̀ yàrá náà. Bàbá tó ń ra kòkó fi páànù sí i.

Mi ò sọ èyí tó kàn yìí fún ọ rí. Lọ́jọ́ kan mo gbé gàrí lọ fún obìnrin tó ń ta oúnjẹ nínú ọgbà ilé-ìwé, mo bá yà sójú fèrèsé yàrá yẹn. Ìwọ lo wà nídìí búréètì. Omi inú ìgò iwájú rẹ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí a fi ṣan ife zobo. Ọwọ́ òsì rẹ wà lára ẹnu tí omi ń gbà jáde, ọwọ́ ọ̀tún ń mi ìgò. Ẹ̀kán kan. O mì í. Ẹ̀kán kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọ̀ pupa yẹn pòórá, omi náà mọ́ lóló bíi ti kànga. Ìwọ kò rí mi. O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o di ojú kan, o ń ka ìlà ara gíláàsì bí ẹni ń yẹ abẹ́rẹ́ wò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, ó bi mí pé kí ló ṣe ojú mi, mo ní èéfín ni.

O mọ ohun tí wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló. Bàbá bàbá rẹ ṣe é dáadáa. Wọ́n á kó aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè ń lọ́ra, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní lórí ìlóṣòó làwọn máa wà títí àwọn á fi gbowó àwọn. Kò sí ẹni tó lè fi gbèsè ṣeré lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀ṣà tó mọ owó í sìn báyìí náà ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe tó dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ọmọ ìlú ló dá a sílẹ̀ fún ọmọ ìlú, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ tó jáde níbẹ̀.

Ilé-ìwé tiyín ńkọ́? Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní 1979, tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà, àwọn ọmọ pọ̀ ju ilé-ìwé lọ. Ìlú wa wá ilẹ̀, wọ́n gé búlọ́ọ̀kù. Ìyá mi wà lára àwọn tó pọnmi, èmi sì wà lẹ́yìn wọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà nígbà yẹn, kò tíì sí Ọ̀ṣun títí di 1991. Bí o bá ha ọ̀dà ara pátákó ẹnu géètì yẹn díẹ̀, wàá rí "Oyo State" nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi náà kàwé níbẹ̀ dé kíláàsì kẹta kí owó tó tán nílé. Orúkọ ilé-ìwé yẹn ni àbúrò rẹ ní o kì í fẹ́ dá lójú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ níbi tí o ti ń kàwé báyìí. Mi ò ní bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣáà máa kọ ọ́ ní kíkún bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù fún ọ.

Gàrí wa kì í ṣe aṣọ òṣómàáló, Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwa mẹ́tàlélógún tó máa wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Àwọn tó ń wò ọ́ bí onígbèsè yẹn, mo mọ̀ wọ́n, púpọ̀ wọn kò sì dá kóńgò kankan. Bùọ̀dá tó ní kí o bá òun wá fóònù, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú sà, mo ṣì ń kàwé." Bó bá tún pè, ní kó wá bá mi. Má fi oúnjẹ ẹnu rẹ ra ìyìn ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ẹ̀bùn fúnra rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ, ti èṣín sú mi. Alága ètò fi wákàtí méjì gbáko pe àwọn èèyàn ńlá sórí àga, ẹ̀yin ọmọ wà nínú oòrùn. Ìrẹsì tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn JSS1. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń gba ẹ̀bùn ṣáá, ó gba díṣọ́nárì, ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gba àpò ìwé, títí apá rẹ̀ ò fi ká a mọ́. Ìwọ ni ọmọ náà. Inú mi dùn, mo jó, o rí mi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ láàárọ̀ kó tó wá síléèwé, tó gòkè láti ipò kọkànlélọ́gbọ̀n dé ipò kejìlá, jókòó sẹ́yìn, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ó ti wà ní SS3 báyìí. Mo ti ra ẹ̀rọ ìṣirò onísáyẹ́ǹsì kan, ó wà nínú àpótí mi. Mo fẹ́ kí ìwọ gbé e fún un níṣojú gbogbo ayé, kí o sì sọ ohun tí o gbé e fún un lé lórí. Gbólóhùn méjì ti tó. Bí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn fún ọ pé kí o sọ̀rọ̀ ìwúrí, sọ gbólóhùn méjì yẹn, kí o jókòó.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni mo fi ń pè ọ́. Ọmọ Benue ti parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó ti lọ. Gíógíráfì ni kọ́pà tuntun ń kọ́ wọn. Àwọn búréètì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tíṣà ti ń bẹ̀rù láti gbé wọn jáde kí wọ́n má baà fọ́ sí i, ìdánwò àwọn SS3 sì ti dé tán. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ẹ̀bùn. Wá láti Ọjọ́bọ̀. Jókòó tì wọ́n ní yàrá yẹn ní ọ̀sán kan, kí o fi bí wọ́n ṣe ń ka ìlà ara gíláàsì hàn wọ́n, bí o ṣe ń di ojú kan yẹn. Bí o bá sì ní ìdánwò tìrẹ lọ́sẹ̀ náà, má wá, sọ fún mi ní gbangba, inú mi ò ní bàjẹ́.

Ọlọ́kadà tó là wá lẹ́nu búréètì ní òun máa dúró dè ọ́ ní ìkóríta láti aago mẹ́rin. Mú aṣọ funfun tí ẹ ń wọ̀ ṣe sáyẹ́ǹsì yẹn wá bó bá ti gbẹ.

Àwọn onígàrí ti ń béèrè bóyá o ń bọ̀, mo ní mi ò tíì mọ̀. Ìyá alátàǹpàkò ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí n wá pe òun lójú agbada, pé látọjọ́ yìí, òun ò tíì fojú kan nǹkan tí wọ́n fi gàrí òun rà.

Èmi ni,
Màmá rẹ