Kí wọ́n tó yí síkúrúù ẹ̀rọ sídíì yín, ẹ ní kí wọ́n nu lẹ́ńsì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo níbí ló ní àpò sídíì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, wáàsí oṣù ààwẹ̀, gbogbo ohun tí àwọn onífídíò bá wa yà nígbà náà, inú àwo ló wà, kò sí lórí fóònù ẹnì kankan. Àwo kan wà lọ́wọ́ tèmi tí bàbá mi ti ń ṣàdúrà fún èmi àti ọkọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Bàbá ti lọ. Bí a bá ń kó ẹ̀rọ tó ń ka àwo wọ̀nyí dà sórí ààtàn, kí la máa fi gbọ́ ohùn wọn?

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí à ń kó dànù yẹn ò bàjẹ́ rárá, eruku ló bò wọ́n lójú. Aránṣọ ni mí ní Ìgbọ̀nà. Èérún aṣọ ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí ọyẹ́ bá sì dé, ó di méjì. Nígbà tí ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "No Disc" sójú, mo gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe. Kò ṣí lẹ́ńsì wò. Síkúrúù tíńtín kan ló yí, àwo sì ń kọrin, ó gbowó, mo gbé e lọ sílé. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́ pátápátá.

Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ́wé, ló tú òmíràn palẹ̀ níwájú mi tí ojú mi fi là. Iná lésà ló ń gba inú lẹ́ńsì lọ bá abẹ́ àwo, èyí tó bá sì ta padà ni ẹ̀rọ ń kà. Ìgbì iná lésà ti CD gùn tó 780 nánómítà, ojú wa ò lè rí i dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ tẹjú mọ́ lẹ́ńsì nígbà tí iná bá wà lára ẹ̀rọ. Síkúrúù tíńtín yẹn ló ń pinnu bí iná náà ṣe máa le tó. Ẹni tó bá yí i sókè láì nu lẹ́ńsì ń fipá mú iná kọjá nínú eruku ni. Ó máa kà lóòótọ́, ẹ̀mí lésà ló sì ń ná. Akọ́wé ní, "Ìyàwó, ìyẹn ló máa ń kẹ́yìn. Bó bá wá di dandan, fi bírò sàmì síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí o fi mítà wọ̀n ọ́n, kí o tó fọwọ́ kàn án."

Nínu lẹ́ńsì ò le. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, kí ẹ sì ní sùúrù kí ẹ tó tú u, nítorí kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di iná tó ju 300 fólítì lọ mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kan apá ibẹ̀ rárá. Lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ò tó èékánná ọmọ ìka, orí wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló sì dúró lé, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ díẹ̀ sínú isopropyl alcohol, ìyẹn ọtí ìnu-nǹkan tó máa ń tètè gbẹ, nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Pẹtiróòlù, tínà, lọ́fíńdà, ẹ má dán an wò, rọ́bà líle ni lẹ́ńsì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ńṣe ló máa ṣú.

Ẹ̀rọ náà máa ń sọ ibi tó ń dùn ún. Láti àárín ni àwo ti ń kọrin bọ̀ wá sí etí, nítorí náà, bí orin àkọ́kọ́ bá dára tí ti ìgbẹ̀yìn ń fò, ọ̀pá tí lẹ́ńsì ń gùn lọ gùn bọ̀ ni mo máa ń yẹ̀ wò, gírísì ibẹ̀ lè ti gan. Bí ẹnu rẹ̀ ò bá ṣí, rọ́bà tó ń fà á ti dẹ̀. Bó bá ń ka DVD tó kọ VCD, ẹ má sọ pé ó ti kú. Lésà méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀kan ló rẹ̀. Àwo náà ńkọ́? Láti àárín sí etí ni kí ẹ máa nù ún, ẹ má nù ún yípo. Ẹ ṣọ́ ojú CD tí wọ́n kọ nǹkan sí, torí abẹ́ ọ̀dà ibẹ̀ gan-an ni orin wà.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: ẹ fún wa ní igun kan nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn tó mọṣẹ́ yìí máa fi Yorùbá kọ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú àwòrán. Mo sì bẹ àwọn ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ní ìlú yìí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní nínu kí ẹ tó kọ́ wọn ní yíyí. Owó kan náà la máa san, a ò ní ná yín. Bí ẹ bá gbà láti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, àwòrán ibi tí síkúrúù lésà wà ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, kí oníbàárà lè mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá na síkúrúdíráfà sí i níṣojú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Ìgbọ̀nà, Òṣogbo.