Ẹ gba ìwé kí ẹ tó sanwó àmì-ẹ̀yẹ ogun

Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba ló ń ra mẹ́dàlì àwọn jagunjagun wa àtijọ́ lọ́wọ́ aládàáni. "Ojúlówó ni, mo fọwọ́ sọ̀yà" lẹ́nu lásán kò tó o! Òfin Sale of Goods Act ọdún 1979 ní ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe tí wọ́n fi tà á mu, bí ẹni tó tà á kò tilẹ̀ jẹ́ oníṣòwò. Nítorí náà, ẹ gba àpèjúwe ọ̀hún ní kíkọ, bí àpẹẹrẹ fún mẹ́dàlì Ogun Àgbáyé Kìíní kan: "British War Medal, fàdákà, ojúlówó, wọn kò pààrọ̀ orúkọ etí rẹ̀." Kí orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó tà á, iye owó àti déètì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà, ọjọ́ méje kò tó kí onímọ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Etí mẹ́dàlì Ogun Àgbáyé Kìíní, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà àti orúkọ sí, ni jìbìtì pọ̀ sí jù. Bí wọ́n bá fi ayùn ha orúkọ àtijọ́ kúrò, fífẹ̀ rẹ̀ kì í pé mìlímítà 36 mọ́. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn mìíràn máa ń ha.

Ní ti Burma Star, mẹ́dàlì onírìísí ìràwọ̀ ti àwọn tó jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kò kọ orúkọ sí ti àwọn ọmọ ogun wa. Ẹni tó bá ní ti Sájẹ́ǹtì báyìí ni, kó mú ìwé ìfẹ̀yìntì ológun náà wá. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má san ju owó ìràwọ̀ lásán lọ.

Òǹkàwé yín