Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Gun Ẹṣin Pólò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wá kí mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò sì fẹnu kan omi tí wọ́n gbé fún un. Físà Kánádà ti jáde. Ó ti ta mọ́tò, ó ti kó ẹrù ilé fún àbúrò rẹ̀, ó wá ku ẹṣin. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè tà á. Màá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, màá sì máa fi owó ránṣẹ́." Mo ní kó lọ sùn, kó tún un rò. Èmi gan-an ni mi ò rí oorun sùn, ni mo bá mú bíírò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kílí fún yín. Ẹṣin funfun ni, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe irú rẹ̀ náà ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da ẹṣin bọ̀ láti òkè Ọya ni mo ti rà á, nígbà tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, ìyẹn bí ọmọ ọdún 5. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìṣẹ́jú 7 péré ni ṣọ́kà kan, ìyẹn abala kan nínú eré pólò, ṣùgbọ́n ẹṣin tí kò gbọ́ràn lè sọ ọ́ di odidi ọjọ́ kan. Ti Kílí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yà sọ́tùn-ún, kí n tó fa ìjánu, ó ti yí. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ń gbá pólò nígbà yẹn tàbí òun.

Ó tó ọmọ ọdún 14 kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú tó ya. Dókítà ẹranko ní kó sinmi fún nǹkan bí ọdún kan. Ó ní yóò rìn dáadáa, yóò lè gbé ọmọdé, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé tòun ti ìdúró òjijì ti tán fún un. Láàárín oṣù mélòó kan, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹṣin gígùn wá bá mi, ó ní òun fẹ́ ra Kílí. Owó kékeré ló ní lọ́wọ́. Mo lé e padà. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ìfẹ́ ni.

Irọ́ ni mo pa. Ojú ló ń tì mí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá wọ pápá, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni "Oníkílí ti dé." Bí mo bá ta Kílí, kí ni wọn yóò máa pè mí? Nítorí orúkọ yẹn ni ẹṣin tó yẹ kó máa jẹko láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe dúró sínú ilé ẹṣin fún ọdún méjì, tó ń wo ògiri. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí owó sì dín kù, ìkánjú ni mo fi tà á, fún ẹni tó kọ́kọ́ kó owó wá. Mi ò bi í léèrè ibi tó ń mú un lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń pa ẹṣin jẹ, mo sì ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí Kílí parí ayé rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ìwọ tó ń lọ sí Kánádà, gbọ́. Ẹṣin tó wọ̀n tó kílò 400 ń jẹ tó kílò 8 koríko gbígbẹ àti oúnjẹ mìíràn lójúmọ́: ewé ẹ̀pà, èérí ọkà, ọkà bàbà. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó di àtúnkàn. Èyí tówó lè ṣe nìyẹn. Àìsàn burúkú kan wà tó ń pa ẹṣin nílẹ̀ Áfíríkà, kòkòrò tíntìntín tó kéré sí ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn tí wọ́n kó wá láti Ajẹntínà kò lè fara dà á bíi ti àwọn ẹṣin ìbílẹ̀ wa. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kó ẹṣin wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó tí o bá fi ránṣẹ́ láti Toronto kò lè ti ilẹ̀kùn.

Àwọn olówó kan ti wá ọgbọ́n tiwọn dá. Adolfo Cambiaso, ọmọ Ajẹntínà tó ń gbá pólò, fi ẹ̀dà ẹṣin rẹ̀ Cuartetera mẹ́fà, ìyẹn àwọn ẹṣin tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ara Cuartetera ṣe kí wọ́n lè jọ ọ́ bí ìbejì, gbá àṣekágbá ìdíje pólò ńlá ti Palermo ní Ajẹntínà lọ́dún 2016. Wọ́n ti ta ẹ̀dà Cuartetera kan ní 800,000 dọ́là lọ́dún 2010. Kí Ọlọ́run bùkún wọn. Ti àwa kì í ní ẹ̀dà.

Kò sì sí ohun ìtìjú nínú títa ẹṣin. Àwọn Ọ̀yọ́ tó fi ẹṣin jagun, òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà wọ́n, torí eṣinṣin tsétsé kò jẹ́ kó rọrùn láti máa sin ẹṣin níbí. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni ẹṣin fi ń dé ilẹ̀ wa.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ tà á nígbà tí ẹ ṣì lè yan ẹni tí ẹ óò tà á fún. Ẹ jẹ́ kó gùn ún wò lẹ́ẹ̀mejì, kó sì mú dókítà tirẹ̀ wá. Bí iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin náà ti ya rí, ẹ sọ ọ́ kó tó béèrè. Bó bá ń bẹ̀rù agboòrùn, ẹ sọ ọ́. Ẹ fún un ní ìjánu tí ẹnu ẹṣin náà ti mọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ tí òun náà bá fẹ́ tà á, kó kọ́kọ́ pè yín. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin náà ńkọ́? Ẹ pè é jókòó sí ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Òun ló ń jí kí i láràárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bá ẹṣin náà lọ.

Bí mo ṣe ta Àkáwálì nìyẹn, ẹṣin dúdú tí mo ní gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 11 ni, ara rẹ̀ sì le koko. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìlọrin ni mo tà á fún, ní owó tó kéré sí èyí tí ẹlòmíràn fẹ́ san. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo lọ wò ó. Mo ti ń ro bí yóò ṣe sáré wá bá mi. Ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó wá ṣúgà níbẹ̀, kò rí i, ó sì padà sídìí ewé ẹ̀pà rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìwọ tó wá sílé mi, wá lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a jọ lọ wo ẹṣin náà. Mú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dání.

Bàbá yín, n'Ìbàdàn.