Ìkéde: A ń lọ ya fíìmù ní Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ọkọ̀ wa yóò gbéra níwájú Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ní aago 6 àárọ̀. Kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́ Perret la fẹ́ lọ yà ní fíìmù. Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi rí i, kó tó tún yọjú ní 2013. Ara àpáta tó tutù fún omi làwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ẹ má tẹ ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, kámẹ́rà nìkan la fẹ́ kó rí i. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ bá gbé lọ, ẹ gbé e padà.

Akọ̀wé